Ẹran Tí Ìyá Mi Fi Pamọ́ Dè Mí

Ní Sátidé àkọ́kọ́ tí mo lọ kí ìyá mi ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà ní Iléṣà, ó dúró kí nọ́ọ̀sì jáde, ó sì ní kí n ti ilẹ̀kùn. Mo tì í. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ dìde, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ àwọn ìró tí mo ká fún un, ó sì fa ọ̀rá kékeré kan yọ tí ó so ní kókó méjì. Ó fi í lé mi lọ́wọ́, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bo ọwọ́ mi.

"Tètè jẹ ẹ́ kí wọ́n tó padà dé. Láti ìjọ́ tí o ti lọ ni mo ti ń fi pamọ́ dè ọ́."

Ẹran màlúù ni, ègé mẹ́ta, ọbẹ̀ ata ti gbẹ mọ́ ọn lára. Ọjọ́ Ajé ni mo gbé ìyá mi lọ síbẹ̀. Kókó kìn-ín-ní péré ni mo tú tí òórùn fi sọ fún mi pé ẹran náà ti kú ikú kejì. Mo tún un so. Mo ní, "Ẹ ṣé, Màmá. N ó jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà." Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé ọ̀pá rẹ̀ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù, ó rìn padà sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ láìdi nǹkan kan mú.

N kò jẹ ẹ́. Nígbà tí mo ń padà sí Òṣogbo, mo dá ọkọ̀ dúró níbi tí igbó ọparun kan wà lápá ọ̀tún, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ju ọ̀rá náà sínú igbó. Mo fi omi inú ike ṣan ọwọ́ mi, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́hun, mo sì ń bá ọ̀nà mi lọ.

Ohun tó mú un burú ni pé olùkọ́ ni mí, oúnjẹ àti ìtọ́jú ilé ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà kan ní Òṣogbo. Lọ́dọọdún ni mo ń kọ ọ́ sójú pátákó pé oúnjẹ tí a ti sè kò gbọdọ̀ ju wákàtí méjì lọ níta. Pé ohun tí a bá fẹ́ tọ́jú, kí a dé e, kí a tètè gbé e sínú fíríìjì, kí a sì jẹ́ kí ó hó dáadáa kí a tó tún jẹ ẹ́. Pé kì í ṣe gbogbo oúnjẹ tó bàjẹ́ ló ń rùn. Àwọn ọmọ á dà á kọ sínú ìwé wọn, n ó máa bá wọn máàkì rẹ̀.

Ọmọ Ìbòkun ni ìyá mi. Bàbá mi, ọmọ Òṣogbo, láti inú ìdílé àwọn aláró, ló fẹ́ ẹ wálé, ó sì di Mùsùlùmí nítorí rẹ̀. Èmi ni àbígbẹ̀yìn wọn. N kò rántí ọjọ́ kan tí ìyá mi jẹ ẹran inú àwo rẹ̀ tán. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo bá ti ilé kéwú dé, tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti jẹun tán tí wọ́n ti fi ìka lá ìsàlẹ̀ ìkòkò, ìyá mi á ṣí igbá kan tí ó dojú rẹ̀ délẹ̀ lẹ́yìn ìkòkò omi. Ìdajì ẹran rẹ̀ á wà níbẹ̀ nínú ewé. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ẹran òwúrọ̀ ni mo ń jẹ lọ́sàn-án. Kò sí ìgbà tó di ọjọ́ kejì.

Nígbà tí bàbá mi kú, ìyá mi wá ń bá mi gbé. Ọkọ mi ti kú ṣáájú, ọmọ mi kan ṣoṣo sì ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Iyè ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ra. Á gbé omi kaná, á sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà láti máa kí àwọn tó ń kọjá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn aládùúgbò ja ilẹ̀kùn wọlé torí èéfín nígbà tí mo wà ní kíláàsì. Ohun mìíràn tún ṣẹlẹ̀: èdè Ìjẹ̀ṣà tí ó ti fi sílẹ̀ láti ìgbà ìgbéyàwó rẹ̀ padà sí i lẹ́nu. Iyán di "uyán", ilé di "ulé". Á bi mí pé ìgbà wo la máa lọ sí ulé, n ó ní ilé la wà yìí, á wò mí bí ẹni tó ń wo òpùrọ́. Mo rò ó títí. Nígbà tí mo gbọ́ pé ilé ìtọ́jú kan wà ní Iléṣà tó mọ́, tí wọ́n sì ń sọ èdè rẹ̀ níbẹ̀, mo gbé e lọ. Àwọn ẹbí bàbá mi ní mo lọ ju ìyá mi sílé àwọn tí kò bímọ.

Lọ́jọ́ tí mo gbé e débẹ̀, nọ́ọ̀sì àgbà tó ń ṣe olórí ibẹ̀ mú mi lọ sí ilé ìdáná. Obìnrin tí kì í gbé ohùn sókè ni. Ó ṣí fíríìjì kan hàn mí tí ó kún fún àwọn abọ́ onídèérí, a kọ orúkọ àti ọjọ́ sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Oúnjẹ tí ẹ bá gbé wá, ẹ kọ orúkọ Màmá sí i, ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ gbé e fún wa. Bí ó bá di ọjọ́ kẹta tí wọn ò tíì jẹ ẹ́ tán, a ó dà á nù. Nínú yàrá, bisikíìtì nìkan, nínú agolo tó ní ìdérí. Ẹ má bínú sí wa o. Àwọn àgbà wọ̀nyí, imú wọn kì í gbọ́ òórùn mọ́, ojú wọn kì í rí i bí búrẹ́dì bá ti bu. Ìgbẹ́ gbuuru tí èmi àti ẹ̀yin máa yà lónìí tí a ó jí lọ síbi iṣẹ́ lọ́la, ó lè gbé wọn lọ."

Mo ní, "Mo mọ̀, Mà. Iṣẹ́ mi ni."

Ẹnì kan ti wà nínú yàrá náà ṣáájú ìyá mi, obìnrin Iléṣà kan tó ti ju ọgọ́rin ọdún lọ, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Tíṣà ni gbogbo wọn ń pè é. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ̀ láti gbé e, orí rẹ̀ pé pérépéré. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà, nítorí náà wọ́n ń se oúnjẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀: ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, ẹ̀fọ́ gbígbọ̀, ẹja díẹ̀. Á gbé ṣíbí sókè, á wò ó, á ní, "Ẹ wo oúnjẹ ilé ìwòsàn." Ìyá mi ló ń pè ní Ìyá Òṣogbo. Wọ́n á máa sọ Ìjẹ̀ṣà síra wọn láti àárọ̀, wọ́n á máa jà lórí fèrèsé, ọ̀kan fẹ́ kí ó wà ní ṣíṣí, èkejì fẹ́ kí ó wà ní títì. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ìyá mi tí ó ń bá ènìyàn jà bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn sí i, mo sì máa ń gbé mọ́ínmọ́ín lọ fún àwọn méjèèjì.

Ní Sátidé kejì, ọ̀rá mìíràn. Ní Sátidé kẹta, méjì. Mo gbà á, mo dúpẹ́, mo dá ọkọ̀ dúró sí ìdí igbó ọparun. Kò pẹ́ tí ajá kan fi ń dúró dè mí níbẹ̀, ajá pupa kan tí egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà. Kì í gbó. Tí mo bá ju ọ̀rá náà, kì í sáré sí i. Á jókòó, á máa wò mí títí n ó fi wọ ọkọ̀. Bí mo bá wo dígí ẹ̀yìn, á ṣì jókòó síbẹ̀, ojú rẹ̀ á wà lára ọkọ̀ mi, kì í ṣe lára ẹran náà.

Tíṣà rí gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí àwọn nọ́ọ̀sì mú ìyá mi lọ wẹ̀, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ìyá rẹ ń kó ẹran sínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn o. Lójoojúmọ́. Á fi í pamọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ títí wọn ó fi kó àwo lọ."

Mo kúnlẹ̀. "Mo mọ̀, Mà. Èmi ló ń fi í pamọ́ dè. Mo ń kó o lọ dànù ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún nọ́ọ̀sì àgbà. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹrù rẹ̀ wò lójoojúmọ́, yóò rò pé olè ni wọ́n pe òun."

Ó ní, "Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni mo fi ń wo èékánná ọmọ ọlọ́mọ lórí ìlà ní àárọ̀. O mọ̀ pé ohun tí ò ń ṣe yìí kò dáa."

"Mo mọ̀, Mà."

"Ó dáa. N kò ní sọ."

Kò sì sọ. Èmi ni mo kó àṣírí náà lé e lórí.

Irọ́ tí mo pa gan-an, ọjọ́ mìíràn ni. Èèrà ya wọ yàrá wọn. Nọ́ọ̀sì àgbà dá mi dúró ní ẹnu ọ̀nà nígbà tí mo ń lọ, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, kò sí oúnjẹ kankan tí Màmá ń tọ́jú síbì kan? A wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a kò rí nǹkan." Ọ̀rá náà wà nínú báàgì mi nígbà tó ń bi mí. Mo ń gbóòórùn rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí kí òun náà má gbọ́ ọ. Mo ní, "Rárá, Mà. Bisikíìtì nìkan ni." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n fọ́n oògùn èèrà sí yàrá lọ́jọ́ kejì.

Mo ti bi ara mi léèrè ìdí tí mo fi purọ́ yẹn. Mo máa ń sọ pé nítorí ìyá mi ni, kí ojú má baà tì í. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo tún bẹ̀rù kí wọ́n má sọ pé ó ń dọ̀tí, pé kí n wá gbé e. Mo sì tún fẹ́ràn ọ̀rá yẹn. Mo ti dàgbà, irun mi ti funfun, kò sì sí ẹlòmíràn láyé tó tún ń fi ẹran pamọ́ dè mí.

Lẹ́yìn náà ni àkókò ìdánwò àṣekágbá dé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní láti dáná níwájú olùyẹ̀wò, iṣẹ́ náà sì wọ àwọn Sátidé. Mo pa Sátidé kan jẹ, mo pa èkejì jẹ. Mo ń tẹ ìyá mi láago, nọ́ọ̀sì á gbé fóònù sí i létí. Nígbà kejì ó ní, "O kò wá. Ó ti pọ̀ o." Mo rò pé ọjọ́ tí n kò wá ló ní ó pọ̀. Mo ní, "N ó wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, Màmá." Ẹran ló ń sọ. Ó yé mi nígbà tí yíyé kò wúlò mọ́.

Ní ọjọ́rú tó tẹ̀lé e, nọ́ọ̀sì àgbà pè mí bí mo ṣe ń jáde ní kíláàsì. Ó ní kí n má fòyà, ìyá mi wà dáadáa, Tíṣà ló ṣàìsàn. Ó ti ń bì, ó sì ti ń yàgbẹ́ gbuuru láti ìdájí, wọ́n ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ní òun ń pe àwọn ọmọ gbogbo àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ ni.

Mo rò pé mo ti wà nínú ọkọ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀ tán. N kò rántí ọ̀nà. Mo rántí pé ajá náà wà níbi igbó ọparun bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe Sátidé.

Wọ́n ti fi omi àti oògùn apakòkòrò fọ ilẹ̀ yàrá náà, ó ń tàn. Wọ́n ti ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì Tíṣà kúrò. Ìyá mi jókòó sórí tirẹ̀, ó ń wo fèrèsé tó wà ní ṣíṣí. Mo ti ilẹ̀kùn, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ àwọn ìró. Ọ̀rá mẹ́ta ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ní kókó méjì. Ìkẹrin, ẹ̀yìn tébù kékeré tó wà láàárín bẹ́ẹ̀dì méjèèjì ni mo ti rí i, níbi tí ìgbálẹ̀ kò dé. Òfìfo ni. Wọ́n ti tú kókó rẹ̀ dáadáa, wọn kò fà á ya. Ọbẹ̀ ata ló kù nínú rẹ̀.

Mo gbé e sí ojú ìyá mi. "Màmá, ta ló jẹ ẹran inú èyí?"

Ó wo ọ̀rá náà, ó wò mí. Ojú rẹ̀ tutù, kò sí ìdààmú kankan nínú rẹ̀.

"Ìwọ ni."

"Èmi kọ́, Màmá. N kò wá."

"O wá. O jókòó síbẹ̀ yẹn." Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí bẹ́ẹ̀dì Tíṣà. "Ebi ń pa ọ́. O ní wọn kì í fi iyọ̀ sí tìrẹ. Mo ní kí o jẹ ẹ́. Ìwọ náà lo jẹ ẹ́."

Mo kó ọ̀rá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú báàgì mi. Mo jáde, mo kí nọ́ọ̀sì àgbà, mo ní kí Ọlọ́hun fún Tíṣà ní àlàáfíà. Ó ní, "Àṣẹ. Dókítà ń bi wá léèrè ohun tó jẹ. A kò mọ̀. Oúnjẹ tirẹ̀ tí a máa ń sè lọ́tọ̀ náà ló jẹ." Mo dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú báàgì náà lábẹ́ apá. Mo lè sọ ọ́ nígbà náà. Dókítà ń béèrè. Mo ní, "Ó dàbọ̀, Mà."

Tíṣà lo ọjọ́ mẹ́sàn-án nílé ìwòsàn. Mo lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan. Omi ń kán sínú iṣan rẹ̀, ètè rẹ̀ ti là. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Ìbàdàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni bíi tèmi ní ọjọ́ orí. Tíṣà ṣí ojú, ó rí mi, ó sì yí ojú rẹ̀ sí ògiri. Mo gbà pé ó ń bínú sí mi. Mo gbà pé ó tọ́. N kò jókòó.

Ìgbẹ́ náà dá, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò padà mọ́. Kíndìnrín rẹ̀ kọ iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì kú. Dókítà sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ọjọ́ orí ni, àti àìsàn tó ti wà lára tẹ́lẹ̀, pé ohun kékeré ló ń ti irú ara bẹ́ẹ̀ ṣubú. Wọ́n sin ín ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní Iléṣà. Mo lọ. Mo jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá láàárín àwọn tí ó kọ́ ní ìwé, àwọn àgbàlagbà tó ń pè é ní Tíṣà bí ọmọ kékeré. Nígbà tí a jáde, ọmọ rẹ̀ di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ ṣé tí ẹ wá. Màmá fẹ́ràn ìyá yín. Wọ́n ní mọ́ínmọ́ín tí ẹ máa ń gbé wá nìkan ló ń jẹ́ kí àwọn rántí pé oúnjẹ ní adùn. Ọlọ́run á san án fún yín."

Mo ní, "Àmín."

Láti ọjọ́ náà ni òórùn ẹran yẹn ti wọ inú ọkọ̀ mi. Mo fọ ọkọ̀ náà. Mo gbé e fún àwọn tó ń fọ ọkọ̀, wọ́n yọ àga, wọ́n sá a sóòrùn. Ọmọ mi wọ̀ ọ́ nígbà tó wálé, ó ní òun kò gbọ́ òórùn kankan. Èmi ń gbọ́ ọ. Ní kíláàsì, mo dé orí ẹ̀kọ́ ìtọ́jú oúnjẹ, mo kọ "wákàtí méjì" sójú pátákó, ọwọ́ mi kò sì lọ mọ́. Àwọn ọmọ ń wo ẹ̀yìn mi. Mo ní kí wọ́n ka ojú ewé náà fúnra wọn, mo lọ dúró lẹ́yìn kíláàsì.

Ìyá mi ní tirẹ̀ kò mọ̀ pé Tíṣà kú. Á ní ó lọ sí ilé-ìwé, ó ń bọ̀ lọ́sàn-án. Á jẹ́ kí wọ́n ṣí fèrèsé nítorí rẹ̀, fèrèsé tí ó ti ń bá a jà lé lórí. Ẹ̀ẹ̀kan mo wọlé, mo gbọ́ tó ń sọ fún bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo náà pé, "Jẹ ẹ́ kí ó tó tutù." Ó na ọwọ́ rẹ̀. Ègé ẹran wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ni mo lọ bá nọ́ọ̀sì àgbà nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Mo dúró lórí ìdúró bí ọmọ iléèwé, mo sọ gbogbo rẹ̀: ẹran, kọ́bọ́ọ̀dù, ohun tí Tíṣà mọ̀, èèrà, ọ̀rá òfìfo.

"Mo bi yín nípa èèrà," ó ní.

"Ẹ bi mí, Mà."

"Ẹ ní kò sí."

"Mo ní kò sí."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi aṣọ rẹ̀ nù ún fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Èmi náà yẹ kí n ti wo inú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo rò pé ẹrù àgbà ni, kí n má tú u. Ẹ jókòó. Ó ṣì ku àwọn tó wà láàyè."

Òun ló mọ ohun tí a ó ṣe. Láti ọjọ́ náà, nígbà tí ìyá mi bá ń jẹun, nọ́ọ̀sì kan á jókòó tì í pẹ̀lú abọ́ onídèérí. Bí ó bá ti fẹ́ fi ẹran pamọ́, nọ́ọ̀sì á ní, "Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e pamọ́ fún ọmọ yín," á sì kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i lójú rẹ̀, á gbé e lọ sínú fíríìjì. Ìyá mi kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní wọ́n máa jẹ ẹ́. Wọ́n mú un lọ wo fíríìjì náà lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan títí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀. Ohun tí kò bá tíì pé ọjọ́ mẹ́ta ní Sátidé, wọ́n á gbé e kaná kí ó hó, wọ́n á gbé e fún mi, èmi náà á sì jẹ ẹ́ lójú rẹ̀. Ìyá mi á máa wo ẹnu mi. N kì í gbádùn rẹ̀. Mo ń jẹ ẹ́ tán.

Wọ́n tún ṣe ìpàdé pẹ̀lú gbogbo ọmọ àwọn tó wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà kò dárúkọ mi. Ó kàn ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá tàbí bàbá rẹ̀ nínú yàrá dìde kí ó wá sọ fún òun, kò ní sí ìbáwí. Ó yà mí lẹ́nu pé ènìyàn márùn-ún dìde. Ẹnì kan ní bàbá òun ń tọ́jú ẹyin sísè sínú bàtà.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú ni ọmọ Tíṣà wá kó ìyókù ẹrù ìyá rẹ̀. Mo bá a níta lábẹ́ igi máńgòrò tó wà nínú ọgbà. Mo ti pinnu pé bí mo bá tún rí i, n ó sọ. Mo bẹ̀rẹ̀ láìkí i dáadáa.

"Àǹtí, ohun kan wà tó yẹ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi. Ẹran tí ìyá mi fi pamọ́ fún mi ni Màmá jẹ. Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Wọ́n bi mí, mo purọ́. Dókítà ń béèrè ohun tí Màmá jẹ, ọ̀rá rẹ̀ wà nínú báàgì mi."

Ó gbé àpótí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Màmá sọ fún mi," ó ní. "Ní ilé ìwòsàn. Wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn jáde, wọ́n di etí mi mú. Wọ́n ní, 'Mo jí ẹran Ìyá Òṣogbo jẹ.' Wọ́n ń sunkún. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé! Wọ́n ní àwọn dúró kí Ìyá Òṣogbo sùn, àwọn fa ara àwọn dé ìdí kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n ní iyọ̀ inú rẹ̀ ló ń wu àwọn. Wọ́n ní kí n bá àwọn bẹ̀ ẹ́. Ojú tì mí. N kò lè sọ fún dókítà pé ìyá mi jalè, n kò sì lè bẹ ìyá yín. Ìgbà tí ẹ wá wò wọ́n tí wọ́n yíjú sí ògiri, ìtìjú ni."

Mo di igi máńgòrò náà mú. Mo sọ ohun tí ìyá mi wí fún un: pé ìyá mi ló fún Tíṣà ní ẹran náà, pé ó rò pé èmi ni Tíṣà, pé ó ní kí ó jẹ ẹ́.

Ó ní, "Ẹsẹ̀ Màmá kò gbé wọn dé ìdí kọ́bọ́ọ̀dù rí láàárín ọdún kan."

Mo ní, "Orí ìyá mi náà kò sì pé."

A dúró síbẹ̀, kò sí ẹni tó mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ó ní kí n mú òun lọ síwájú ìyá mi.

Ìyá mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ọmọ Tíṣà kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, eékún rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀.

"Màmá, Tíṣà ní kí n wá bẹ̀ yín. Wọ́n ní àwọn jẹ ẹran yín láìtọrọ."

Ìyá mi wò ó. Ó fi ọwọ́ kan orí rẹ̀.

"Ṣé ó yó?"

Ọmọ Tíṣà fi ọwọ́ bo ẹnu. "Wọ́n yó, Mà."

"Ó dáa," ni ìyá mi wí, ó sì yíjú sí fèrèsé.

Mo sin obìnrin náà dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀. Mo bá a gbé àpótí sínú ọkọ̀. Mo ń retí kí ó sọ̀rọ̀, bóyá èébú, bóyá ìdáríjì, èyíkéyìí tó bá jẹ́. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sí i, ó sì tún dúró.

"N kò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín," ó ní. "Bí mo bá mọ̀ ọ́n, n ó pè yín."

Mo fún un ní nọ́ńbà mi. Ó kọ ọ́ sínú fóònù rẹ̀, ó kà á padà fún mi kí ó má baà ṣì í kọ, ó sì lọ. Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Kò tíì pè.